Ọ̀nà Abà Ìdí-Ọsàn

Bí Ìyádùnní bá ń ròyìn ìgbà èwe rẹ̀, ta ni yóò bá a jiyàn? “Ọ̀nà Abà Ìdí-Ọsàn ò jìnnà rárá. Màámi á pọ̀n mí, màá sun oorun díẹ̀, ìgbà tí màá fi lajú, òdòdó ọsàn ti ń ta sánsán.”

Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé e lọ wo abà. Ìyá rẹ̀ ní kó gun ọ̀kadà. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti kékeré?” Ó fi ọ̀já gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Kò tíì dé odò tí ọmọ fi ké. Ó jókòó, ó fún un lọ́mú. Bó ṣe tún un pọ̀n báyìí, ọmọ tọ̀ sí i lẹ́yìn. Ó pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Oòrùn mú, ó tú gèlè, ó fi bo ọmọ lórí. Ọmọ sùn fọnfọn, ẹsẹ̀ ń ro ìyá rẹ̀. Ìgbà tí òdòdó ọsàn ta sánsán, ọmọ lajú, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni.

Ọ̀kadà ló gbé wọn padà nírọ̀lẹ́.

“Màámi, ọ̀nà yẹn mà jìn o!”

“Ó ti jìn tipẹ́. Ọmọ tí a pọ̀n ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

Ìyá rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. “Oorun tó o sùn lẹ́yìn mi ni mo fẹ́ kó o máa rántí.”