Àgbàlá Tó Mọ́ Jù

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ilẹ̀ gbígbá mọ́ àṣejù? Àwẹ̀ró kò kà á mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ojú àgbàlá la fi ń mọ obìnrin tó mọ́ra. Nítorí náà, nílé ọkọ rẹ̀ tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, koríko kì í yọjú kí Àwẹ̀ró má fi ọkọ́ hú u.

Ìyá Oyèkànmí, aládùúgbò rẹ̀, a máa dá ìlà koríko mẹ́ta sí ní ìbú àgbàlá tirẹ̀. Àwẹ̀ró gbà lọ́kàn pé ọ̀lẹ ni ìyá náà.

“Ìyàwó, dá díẹ̀ sí,” ni ìyá wí fún un lọ́jọ́ kan.

“Ẹ ṣeun, ìyá. Ejò ni mò ń sá fún.”

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lójoojúmọ́, koríko ìyá ń dá omi dúró, omi sì ń rọra wọlẹ̀. Omi àgbàlá Àwẹ̀ró kò rí ohun tó dá a dúró, ó ń sáré wọ́ erùpẹ̀ lọ. Kí oṣù tó parí, ìpìlẹ̀ ilé ti yọ síta, ògiri ilé ìdáná sì ti lanu.

Àwẹ̀ró lọ kúnlẹ̀. “Ìyá, koríko ni mo wá tọrọ.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó hú u fún un tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. “Ìbú ni kí o gbìn ín, kó dojú kọ omi. Bí o bá gbìn ín lóòró, ọ̀nà lo là fún omi.”

Lónìí, bí àlejò bá ní koríko ti kún àgbàlá rẹ̀, Àwẹ̀ró a ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Òun ló di ilé wa mú.”