Ọkùnrin Tó Gé Iyùn Bí Igi Ẹ̀gẹ́

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bí iyùn inú ibú ṣe ń bímọ. Kì í ṣe iyùn ọrùn ni mò ń wí, Àwẹ̀ró ọmọ mi. Èyí tí à ń so mọ́ ọrùn ti kú tipẹ́, egungun lásán ni. Iyùn tí mò ń sọ yìí wà láàyè. Ẹranko ni, bí ó tilẹ̀ dúró sójú kan bí igi. Ó ní ẹ̀ka, ẹnu kéékèèké sì wà lára ẹ̀ka náà tí ń là tí ń padé. Ìsàlẹ̀ òkun ni ilé rẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé, tí omi tutù bí omi inú fìríìjì. Nítorí náà, àwọn tó ti fojú rí i níbi tí ó ti ń bímọ kò pọ̀.

Ọkùnrin yìí fẹ́ rí i. Ó fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ.

Etí òkun ni ilé ìwádìí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ wà. Wọ́n fún un ní yàrá tútù kan níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni ó ń mú yàrá náà tutù tọ̀sán tòru, iná tọ́ọ̀ṣì pupa nìkan ni wọ́n sì ń tàn níbẹ̀, nítorí inú òkùnkùn ni iyùn yìí ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn gbé páálí ẹja àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú òtútù rẹ̀. Òun a sì máa lé wọn jáde.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iyùn kan ṣoṣo ni ó ní. Ó funfun, kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ ní kúkúrú kúkúrú, tí ó ń rì í mọ́ ilẹ̀, tí igi kọ̀ọ̀kan sì ń hù. Ó gé iyùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sínú àpótí dígí tirẹ̀. Gbogbo wọn yè. Wọ́n dàgbà, wọ́n yọ ẹ̀ka tuntun, ó sì tún gé wọn. Kò pẹ́ tí àpótí fi kún yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Àlejò tó bá wọlé a máa kí i pé ó kú oríire, àwọn iyùn rẹ̀ ti pọ̀. Ó ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ó kó àwọn olùrànlọ́wọ́ jọ, àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ohun tí ó bá sọ ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá ní omi ti tutù tó, wọn á ní ó ti tutù tó. Ó ṣe òfin kan fún wọn pé àpótí tí omi rẹ̀ bá dàrú, kí wọ́n yára da omi náà nù, nítorí àrùn ni. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bi í léèrè bóyá ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

Obìnrin kan wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá náà, onímọ̀ bíi tirẹ̀. Òun nìkan ni ó máa ń sọ pé rárá. Ó ní kí wọ́n gé ègé tín-ínrín lára iyùn náà, kí wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo inú rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹyin ni ó wà níbẹ̀ tàbí àtọ̀, tàbí kò sí nǹkan kan. Ọkùnrin náà kọ̀, nítorí ègé tí a bá gé wò bẹ́ẹ̀ ti kú nìyẹn, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun kú nínú ohun tí ó sìn. Lọ́jọ́ ìpàdé, níwájú ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà, obìnrin náà bi í léèrè.

"Dókítà, ṣé iyùn ni ẹ ń sìn, àbí ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń gbìn sínú omi?"

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gba àṣẹ pé kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ̀rọ amómitutù àtijọ́ kan ti ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ní ohun tí ó ṣe dára. Àlàáfíà wọ yàrá náà.

Nígbà òjò, àwọ̀n àwọn apẹja kan wọ́ iyùn mìíràn jáde láti inú ibú. Ọ̀gá ọkọ̀ wọn gbé e dé inú kẹ́ẹ̀gì omi tútù. Ó ní, "Dókítà, òkúta yín tún bọ́ sọ́wọ́ wa." Èyí kò funfun. Ó pọ́n bí ọsàn, ara rẹ̀ ti bó, ẹrẹ̀ sì bò ó. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo àwọn tirẹ̀ tí wọ́n mọ́ tónítóní. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ, yóò ba omi òun jẹ́. Obìnrin inú yàrá ẹ̀yìn gbọ́, ó sáré jáde, ó sì gbà á.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ti wọ́n ju agbára ilé ìwádìí lọ. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Àwọn iyùn yín rẹwà, Dókítà. Ṣùgbọ́n ìbímọ wọn ni ẹ ní ẹ máa fi hàn wá. Bí ọyẹ́ bá kúrò tí n kò rí ọmọ kan, màá pa ẹ̀rọ yẹn, màá sì gbé yàrá náà fún àwọn ẹlẹ́ja tó ń ta ẹja gbígbẹ."

Ọmọ mi, o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí òtútù bá kúrò nínú yàrá náà, gbogbo ẹ̀mí tó wà níbẹ̀ yóò kú. Ọkùnrin náà padà dé, ó fi kún oúnjẹ wọn. Ó dín oúnjẹ wọn kù. Ó mú kí omi túbọ̀ tutù. Ó bi àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n rò pé iyùn náà yóò bí. Wọ́n ní, "Wọ́n máa bí, sà." Lọ́jọ́ kejì ó tún bi wọ́n, wọ́n tún ní wọ́n máa bí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà á, nítorí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu wọn.

Ó mú abẹ, ó gé ègé tín-ínrín lára iyùn kan, ó sì fojú sí awò náà. Ó fò sókè. Àtọ̀ kún inú rẹ̀! Akọ ni, ó sì ti dàgbà tó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe gbogbo wọn wá wò. Ó gé ìkejì, ó ń wá abo. Akọ ni. Ó gé ìkẹta, akọ ni. Ó ń wò wọ́n láti àpótí dé àpótí, ayọ̀ rẹ̀ ń dín kù bí ó ṣe ń lọ, títí ó fi dé èyí tó kẹ́yìn lẹ́bàá ògiri. Akọ ni.

Ó jókòó sórí ike omi. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, ẹ̀gẹ́ kan náà ni. Kò ní ọ̀pọ̀ iyùn rí. Ọ̀kan ni ó ní, tí ó gé, tí ó gé, tí ó fi kún yàrá, tí ó sì ń retí pé kí ó fún ara rẹ̀ lóyún.

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Obìnrin náà ń fún iyùn pupa ní oúnjẹ nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn. Ọgbẹ́ ara iyùn náà ti jinná, ẹnu rẹ̀ gbogbo là sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó kàn sọ pé gbogbo tòun akọ ni.

Obìnrin náà gbé ṣíbí oúnjẹ sílẹ̀. "Abo ni tèmi," ó ní. "Ẹyin ti kún inú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yín, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á ní ẹ ò fẹ́ rí mi."

"Mi ò rán wọn."

"Wọn kò dúró kí ẹ rán wọn, Dókítà. Wọ́n ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́."

Ọkùnrin náà ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó gbé iyùn rẹ̀ bọ̀ nínú yàrá tútù, kí òun náà sì padà wá. Obìnrin náà bú u díẹ̀ kí ó tó gbà. Ó ní bí òun bá padà, ẹnu òun náà ń bá òun bọ̀. Ọkùnrin náà ní kí ó mú un bọ̀.

Wọ́n gbé iyùn pupa wọlé. Ọkùnrin náà fẹ́ jù ú sínú omi lójú ẹsẹ̀, nítorí ọyẹ́ ti ń lọ sópin. Obìnrin náà ní rárá, omi méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ara wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ abo náà yóò pa ẹnu dé, yóò sì gbé ẹyin rẹ̀ mì. Wọ́n ń da omi àpótí kan sínú èkejì ní díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi dọ́gba, wọ́n fi iyùn funfun sí ẹ̀gbẹ́ iyùn pupa nínú àpótí kan, wọ́n sì ń wò wọ́n. Kò sí nǹkan kan. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀gá àgbà dé pẹ̀lú ẹni tí yóò pa ẹ̀rọ. Àwọn ẹlẹ́ja ti to páálí ẹja wọn sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀gá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ kan ní, "Sà, omi ti dàrú." Ọkùnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì pupa sí àpótí náà. Nǹkan bí èéfín ń jáde lẹ́nu iyùn funfun. Omi ti funfun bí omi ògì. Olùrànlọ́wọ́ náà ti sáré mú rọ́bà, ó ti tì í bọ inú àpótí láti fa omi náà dànù, bí òfin ti wí. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ti na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́.

"Rárá," obìnrin náà wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọmọ mi, ibí yìí ni àyà mi ti máa ń já. Ọwọ́ ọkùnrin náà ti wà nínú omi. Ó mọ òfin náà nítorí òun ni ó ṣe é. Ọ̀gá àgbà ń wò ó, bí àrùn bá sì ni èyí, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó wo obìnrin náà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì fa rọ́bà náà yọ.

Wọ́n dúró. Kò pẹ́ tí ẹnu iyùn pupa fi wú. Nǹkan kan yọ jáde níbẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e, wọ́n kéré bí lẹ́búlẹ́bú gàrí. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹnu rẹ̀ ń tu ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń gòkè nínú èéfín yẹn, wọ́n ń yí, wọ́n pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i. Ọkùnrin náà ń sunkún, kò sì mọ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n má tíì pa ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀kán omi kan sábẹ́ awò, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Ọ̀gá àgbà tẹ̀ síwájú, ó fojú sí i, ó pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè. Ó yíjú sí àwọn ẹlẹ́ja tí wọ́n tún ti wá dúró de yàrá.

"Ẹ kó ẹja yín," ó ní. "Wọ́n bímọ níbí."

Àwẹ̀ró, ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún. Nígbà tí o pè mí lánàá, o ní ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí rẹ̀ ti tòrò. O ní ìpàdé yín kì í pẹ́ mọ́. O ní o ti gbé nọ́ọ̀sì àgbà tó máa ń bá ọ jiyàn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aboyún, àwọn tó kù sì jẹ́ àwọn tí ìwọ kọ́, ohun kan náà ni gbogbo yín ń wí. Inú rẹ dùn, mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kọ́ ni ẹ jẹ́ níbẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ nìkan ni, tí o ti gé ara rẹ sí ọ̀nà púpọ̀. Mi ò sọ pé nọ́ọ̀sì yẹn ló tọ̀nà. Mi ò mọ̀. Ìwọ náà kò lè mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò sí nínú yàrá náà. Ọkùnrin inú ìtàn, iyùn ni ìbá pàdánù. Àwọn ìyá tó ń gun orí bẹ́ẹ̀dì yín kì í ṣe iyùn. Lọ́jọ́ kan, ohun kan yóò dàrú lójú rẹ, ìwọ àti gbogbo àwọn tí o kọ́ yóò na ọwọ́ sí i lọ́nà kan náà, ẹ ó sì nílò ẹnìkan tí yóò sọ pé ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lọ bá a lọ́la níbi tí ó ti ń gba káàdì. Lọ fúnra rẹ, má rán ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ó bú ọ díẹ̀, o ti dàgbà tó láti gbà á. Bí ó bá sì tún sọ pé rárá ní ìpàdé tó ń bọ̀, jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.