Bí Pẹ̀lẹ́ Ṣe Lákọ, Tó Sì Lábo

Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ẹran wo wá ni pẹ̀lẹ́, tí yóò fi lákọ tí yóò fi lábo? Àwa tí a ń fi òyìnbó sọ “sọ́rì” fún ara wa lóde òní pàápàá, òwe náà kò yọ wá sílẹ̀. Ibi tó ti ṣẹ̀ nìyí.

Adẹ́mu kan wà tó ń jẹ́ Ògúnjìmí. Ó mọ ọ̀pẹ gùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó ní ọ̀pẹ tí yóò já òun sílẹ̀ kò tí ì hù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ já mọ́ ọn nídìí, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sáré dé. “Ẹ pẹ̀lẹ́, olówó orí mi.” Ó ń fi ìró nù ún lójú.

Lámíkanra, adẹ́mu ẹgbẹ́ rẹ̀, náà dé. Ó wo orí ọ̀pẹ, ó wo inú ẹrẹ̀, ó ní, “Pẹ̀lẹ́ẹ̀ẹ́ o, ọ̀gá ọ̀pẹ.”

Ògúnjìmí gbàgbé ẹsẹ̀, ó fi agbè gbá a lórí. Ó di iwájú baálẹ̀.

Lámíkanra ní, “Pẹ̀lẹ́ ni mo kí i, bàbá. Ṣé pẹ̀lẹ́ ti di èébú?”

“Ṣé pẹ̀lẹ́ ló sọ lóòótọ́?” ni baálẹ̀ bi Ògúnjìmí.

“Pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lẹ́.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí Lámíkanra tún un sọ bó ṣe sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó wá ku kí wọ́n gba ọ̀pẹ Ògúnjìmí fún un bí owó ìtanràn agbè tó gbá a. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bí baálẹ̀ ṣe dìde láti dá ẹjọ́, ó fi ìka ẹsẹ̀ gbá àpótí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí, ó ti kúnlẹ̀ tì í.

Ètè Lámíkanra ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mọ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́ẹ̀ẹ́ o, baba ìlú.”

Baálẹ̀ di ìka ẹsẹ̀ mú, ó wo àwọn méjèèjì.

“Ti obìnrin yìí tù mí lára. Tìrẹ, Lámíkanra, tún dá kún oró ẹsẹ̀ mi ni. Abo ni tirẹ̀, ó rọ̀. Akọ ni tìẹ, ó le bí òkúta.”

Ó ní kí Ògúnjìmí tọrọ àforíjì nítorí agbè, kí Lámíkanra sì máa bá a gun ọ̀pẹ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi jinná. Ní àràárọ̀ tó bá gbé ẹmu dé, Ògúnjìmí á sọ láti orí ẹní pé, “Pẹ̀lẹ́ o, Lámíkanra.” Lámíkanra á dúró tagbètagbè, á máa rò ó, kò mọ èwo ni.

Òun ni wọ́n ṣe ń sọ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.