Ààlà Eérú inú Àká Bàbá Erin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ó gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní àká kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń kó irúgbìn sí. Bàbá Erin ló kọ́ ọ, òun náà ló sì ń ṣe olórí rẹ̀. Kò mọ ògiri kankan sí inú rẹ̀. Eérú ni wọ́n fi ń fa ìlà sílẹ̀ láàárín ẹrù ẹnì kan àti ti ẹnì kejì. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí ẹrù rẹ bá gbilẹ̀ dé, tìrẹ ni. Bí o bá bi Bàbá Erin pé bí ẹrù bá wá kọjá ìlà ńkọ́, á ní kí kálukú máa ṣọ́ra.

Ìyá Àparò kó àgbàdo ìgbìn rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ a máa pe Àparò ní olè, ṣùgbọ́n àgbàdo yìí, òun ló gbìn ín, òun ló ṣà á. Ọkọ rẹ̀ ti kú sínú tàkúté. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Bí àgbàdo yìí bá lọ, kò sí ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ.

Ẹrù Òkété ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Àparò. Ẹ mọ Òkété, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí àpò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ṣùkù àti èèpo àgbàdo wọlé, pàǹtí lásán, ó dà á sórí ẹrù rẹ̀. Ó tún gbé òmíràn dé, ó tún dà á. Pàǹtí náà ṣàn kọjá ìlà, ó bo eérú, ó sì bo ìdajì àgbàdo Ìyá Àparò mọ́lẹ̀. Òkété gbọn ọwọ́ nù, ó ní òun ti fẹ́ kó ẹrù òun lọ sílé. Ibi tí pàǹtí rẹ̀ dé ló kó o dé, ó sì kó ìdajì àgbàdo náà mọ́ ọn lọ.

Ìyá Àparò kò sunkún. Inú ń bí i débi pé gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bàbá Erin gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n bu eérú wá, kí wọ́n tún ìlà náà fà, kí ó nípọn díẹ̀.

"Ìyá Àparò, ìwọ náà kò ṣọ́ra tó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kó ẹrù síbí, ẹnì kan ò fọwọ́ kan tèmi rí."

"Bàbá, ta ló máa fọwọ́ kan ẹrù tí ẹ̀yin dúró tì? Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ pa ni. Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀yà ni wọ́n jà lólè níbí. Lọ́dún tó ṣáájú, Ẹtu ni. Gbogbo wọn lẹ sọ fún pé wọn ò ṣọ́ra. Ṣé gbogbo wa ni kò lójú ni, àbí eérú yìí ni kò dáa?"

Bàbá Erin ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀dọ̀ Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni Ìyá Àparò gbà lọ. Ó ní kí ó bá òun mọ ìkòkò, ìkòkò kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu rẹ̀ kéré, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè gbé e. Àwọn àgbà kùn. Wọ́n ní ìkòkò a máa pẹ́ kó tó gbẹ, eérú ló yá. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn tú gbogbo àká palẹ̀ ni. Ó ní rárá o, kí ẹrù tuntun tó bá ń wọlé kọ́kọ́ máa bọ́ sínú ìkòkò, ti àtijọ́ á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Bàbá Erin ní ọ̀lẹ ló ń wá ìkòkò.

Síbẹ̀, Agbọ́n mọ méjì àkọ́kọ́, ti Ìyá Àparò àti ti Òkété, wọ́n gbẹ. Ìyá Àparò da àgbàdo tó kù sínú tirẹ̀. Òkété rẹ́rìn-ín, ó gbé pàǹtí dé, ó dà á sínú ìkòkò tirẹ̀. Ó kún. Èyí tó kù dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó tún da òmíràn, pàǹtí bò ó dé orúnkún, ẹyọ kan ò dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Inú bí i. Ó ki orí bọ ìkòkò Ìyá Àparò. Orí wọlé, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣófo. Ó ki àgbàdo sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ki í sí tòsì. Ó fà, kò jáde. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù lóde, ìrù ń fì.

"Tu àgbàdo mi sílẹ̀," Ìyá Àparò ní, "orí rẹ á jáde."

Ó dáhùn láti inú ìkòkò pé tòun ni. Gbogbo ẹranko ti pé. Bàbá Erin náà dé, ó wo ìdí náà títí, ó wúkọ́.

"Òkété," ó ní, "o ò ṣọ́ra."

Ìyá Àparò gbé agbọ̀n eérú tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó da gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Erin lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ó gba ààlà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀yà ló kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ Agbọ́n, Ẹtu tẹ̀ lé e.

Nígbà tó rẹ Òkété, ó tu àgbàdo sílẹ̀, orí rẹ̀ sì jáde. Ìtìjú yẹn ló gbé wọ ihò, tí kò fi í jáde lọ́sàn-án mọ́. Òjò rọ̀, Ìyá Àparò sì gbin àgbàdo rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Inú fóònù tí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ yẹn, àká ni, àṣírí yín sì ni ẹrù inú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní oríṣiríṣi èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́, tí wọ́n lè fi kọ ọ́. Àwọn èdè kan wà, eérú ni ààlà inú wọn, ojú ẹni tó ń kọ ọ́ nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn mìíràn wà, èdè náà fúnra rẹ̀ ló ń mọ ìkòkò, á kọ̀ jálẹ̀ bí ẹrù bá fẹ́ kọjá àyè rẹ̀. Ìkòkò ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń fa eérú, tó wá ń sọ fún ẹni tí wọ́n jà lólè pé kò ṣọ́ra, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ da eérú rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí orí mi há sínú ìkòkò.