Ẹni Tó Ń Jẹ Ẹyin Àkùkọ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi balẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bà lé Àkùkọ àti Àgbébọ̀, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń retí ọmọ àkọ́kọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, Àkùkọ wo ìtẹ́, ẹyin kan ti pòórá. Ó fi igbe kọrin:

Ta ló jẹ ọmọ mi?
Kínkín-yẹ́n!
Kó jáde kó wá wí.
Kínkín-yẹ́n!

Àgbébọ̀ ní, “Baálé mi, Òkété ni. Ẹ ò rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe gùn tó?”

Àkùkọ bú Òkété títí ó fi kó kúrò ládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin mìíràn tún lọ.

Àgbébọ̀ tún ní, “Alángbá ni. Orí tó ń mì yẹn, oúnjẹ ló ń dúpẹ́ rẹ̀.”

Àkùkọ lé Alángbá gun ògiri.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹyin méjì péré ló kù. Àkùkọ lúgọ sẹ́yìn agbọ̀n. Ẹ̀yin ọmọ, ojú rẹ̀ rí nǹkan! Àgbébọ̀ dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ẹyin kan fọ́, ó ń lá a.

Àkùkọ yọ sí i, ó ní, “Ìyàwó mi, ọmọ wa nìyẹn.”

“Ẹ má bínú, baálé mi. Èèpo ẹyin tí onílé dà sí ààtàn ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò. Látìgbà náà, ẹnu mi ò gbọ́ tèmi mọ́.”

Àkùkọ wo ẹyin tó kù. Kò sí akọ tó sàba rí ládùúgbò yẹn. Ó rọra ti ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọnú ìtẹ́, ó sì jókòó lé e.