Bí Àwẹ̀ró Ṣe Gba Ọjọ́ Omi fún Odò

Odò kan wà ní abúlé Ìdí-Ìyeyè tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa darúgbó, orúkọ lásán ló kù. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Àwẹ̀ró. Bí ẹja àrọ̀ rẹ̀ bá wà lórí iná, ẹni tó ti yó gan-an yóò tún máa dá itọ́ mì. Àmọ́ ó ti di ọdún mẹ́ta tí ààrò rẹ̀ ti tutù. Adétóún ọmọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ láti ìlú ńlá lẹ́ẹ̀mejì pé kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Àwẹ̀ró kọ̀ jálẹ̀. Kí ló fẹ́ lọ máa yan níbẹ̀?

Kì í ṣe òjò ló kọ̀ tí kò rọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló ń mu odò gbẹ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìdílé mẹ́rin ló ń fi omi Ẹlẹ́ja bomi rin àkùrọ̀ wọn, níbi tí wọ́n gbin ata àti ẹ̀fọ́ sí. Kí ìjà má baà wáyé, àwọn baba ńlá wọn ti pín ọjọ́ mẹ́rin tó wà láàárín ọjà kan sí òmíràn fún ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ọjọ́ omi bá kàn yóò fi amọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ dí odò pa, yóò sì darí gbogbo rẹ̀ sínú poro oko tirẹ̀. Olúkúlùkù ló ní ọjọ́. Odò nìkan ni kò ní.

Àwẹ̀ró jogún ọjọ́ kan lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní dí odò mọ́ ní ọjọ́ náà. Ẹja gbúròó omi, wọ́n gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọjọ́ kan ẹlòmíì, wọ́n dí odò, gbogbo ẹja náà sì kú sínú ẹrẹ̀. Àwẹ̀ró dúró tì wọ́n, ó sunkún. "Èmi ni mo pè yín wá kú," ló wí. Ìgbà náà ló yé e pé ọjọ́ kan péré kò lè gbé odò ró.

Ó bá tọ Baba Ọ̀jẹ́wùmí lọ, ọ̀kan nínú àwọn olóko mẹ́ta yòókù. Ó fi gbogbo àkùrọ̀ baba rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì fi gba ọjọ́ omi rẹ̀. Ó bá obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ni ọjọ́ kẹta ṣe àdéhùn pé òun yóò máa bá a ro oko ẹ̀fọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta, ìyẹn náà yọ̀ǹda ọjọ́ tirẹ̀. Ó ku Àkànó, ọba aláta, tí oko rẹ̀ wà lókè odò.

"Ìyá Adétóún, ṣé kò sí nǹkan?" ni Àkànó bi í. "Ẹ̀yin tí ẹ ò ní oko mọ́, kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe?"

"Odò ni mo fẹ́ fi í fún."

Àkànó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ gbà mí! Ẹ wá wo ẹni tó ń bu omi fún odò mu!" Kò fún un.

Ní Ìdí-Ìyeyè, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjọ́ omi rẹ̀ fún ẹlòmíì yóò da igbá omi kan sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ẹni tó gbà á yóò sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ibẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn. Àwẹ̀ró da igbá mẹ́ta sí etí odò lójú gbogbo abúlé.

Baálẹ̀ họ orí. "Ìyá Adétóún, odò kò lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Baálẹ̀. Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ ń bọ̀ lọ́nà."

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Ó ń bá obìnrin ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà roko, ẹ̀yìn ń ro ó, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ní ọdún kẹta, ọ̀dá dá. Kànga abúlé gbẹ. Àkànó dí odò ní ọjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba omi tó wọ poro rẹ̀, iyanrìn ló mu ún, ata rẹ̀ sì rọ. Ni Baálẹ̀ bá kó àwọn ènìyàn lọ wo Ẹlẹ́ja. Oòrùn ti sun ilẹ̀, gbogbo wọn ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. Bí wọ́n ti súnmọ́ ibi tí Àwẹ̀ró da omi sí, ilẹ̀ rọ̀. Odò tó ti fi ọdún mẹ́ta mu omi yó ti rin ilẹ̀ etí rẹ̀ gbingbin, ibú rẹ̀ sì kún. Ẹja àrọ̀ kan fò sókè, ó já padà sínú omi.

Baálẹ̀ na ọwọ́ dá gbogbo èrò dúró. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣíwájú. Ìyá Adétóún, ẹ̀yin lẹ dà á. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Àwẹ̀ró bọ́ bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ náà, òtútù rẹ̀ gùn ún dé orúnkún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ariwo ayọ̀ sọ. Gbogbo abúlé bu omi lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àkànó nìkan ló dúró lẹ́yìn, ó bu igbá omi kan, ó dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àwẹ̀ró. "Ìyá wa, ọjọ́ kẹrin nìyẹn."

Nígbà tí òjò padà dé, ààrò Àwẹ̀ró gbóná, Adétóún fúnra rẹ̀ sì ti ìlú ńlá wá jẹ ẹja. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń ṣe rere tí ayé ń fi í rẹ́rìn-ín, ti máa ń pa á lówe pé: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.