Okùn Ìbídùn

Ẹ gbọ́ èèmọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílé Olóyè Ládẹ̀jọbí. Páìpù rọ́bà tó ń jò níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri oní-táìlì, Olóyè sì ní kí Ìbídùn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ pọ́ńbà, gé e: "Bí irin rẹ bá ha táìlì mi pẹ́nrẹ́n, àpótí irinṣẹ́ rẹ di tèmi. Bí o bá gé e láìha á, èmi ni n ó ru àpótí náà dé títì!" Ìbídùn ti omi pa. Ó mú irin ìgépáìpù tó máa ń yí páìpù po, kò ráyè yí. Ó gbé ayùn sún mọ́ ọn, eyín ayùn ń wo táìlì. Ó dá méjèèjì padà, ó wá fa okùn ọ̀rá tí bíríkìlà fi ń to búlọ́ọ̀kù yọ. Ó ki okùn bọ ẹ̀yìn páìpù, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó fa tọ̀tún, ó fa tòsì, kíákíá kíákíá. Páìpù gbóná, ó rú èéfín, ó sì gé sí méjì géérégé. "Yéè! Okùn gé páìpù?" Olóyè lanu, kò lè pa á dé. Ìbídùn kúnlẹ̀: "Bàbá, táìlì yín rèé, nǹkan kan ò ha á. Àpótí náà rèé." Ni Olóyè tí kì í gbé igbá omi bá ṣí fìlà níṣojú gbogbo àdúgbò tó wá wòran, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní: "Ó dáa, gbé e rù mí."